Báwo la ṣe ń ran ẹni tí kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́?

Asàláàmù aléékún ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tá a bá ti kírun Jímọ̀ tán ní mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ tó wà ní òpópónà Nnamdi Azikiwe ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi máa ń pín búrẹ́dì àti píọ́ wọ́tà fáwọn tó ń tọrọ, wọ́n á gbà á, wọ́n á ṣàdúà, ó parí.

Ìyá kan ló ń jẹ mí lọ́kàn. Tẹ̀sùbáà ló ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọjà ò sì tà, ọmọ ẹ̀ á kàn máa wo búrẹ́dì ọwọ́ wa ṣáá, àmọ́ tá a bá fún wọn, ìyá á rẹ́rìn-ín, á ní "Alihamudulilahi, a ti jẹun, ẹ fún àwọn yòókù". Súrà Bákárà ẹsẹ 273 sọ nípa irú wọn, pé ẹni tí ò mọ̀ á rò pé wọ́n lówó torí wọn kì í tọrọ. Ẹsẹ 264 sì ní ká má fi ìrègún àti ìnira ba sàárà jẹ́, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká máa ra tẹ̀sùbáà ká má gba ṣénjì, mo rò pé ó máa fura. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ká ṣe fídíò ẹ̀ sórí Facebook káwọn èèyàn dáwó, mi ò gbà rárá, ìtìjú ńlá nìyẹn. Àbí kí n gbé owó fún Alùfáà kó bá mi fún un? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe ṣe é tí onítọ̀hún fi gbà á?