Máàsì ẹ̀yìn ilé wa àti orí tó ń fọ́ mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìdòwú, Ìbàdàn:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, onílé tó múlé gbè wá fi apá kan ilẹ̀ rẹ̀ háyà fún iléeṣẹ́ kan, wọ́n sì gbé máàsì nẹ́tíwọ́ọ̀kì dúró síbẹ̀. Láti ojú fèrèsé yàrá tí èmi àti ọmọ ń sùn dé ìdí máàsì náà kò ju ìṣísẹ̀ 24 lọ. Mo ti fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ mi láàárọ̀, ojú a máa ta mí, èébì a sì máa gbé mi nígbà mìíràn. Ọmọ mi tó pé ọdún kan àbọ̀ náà a máa wúkọ́ lóru.

Àwọn ará àdúgbò ní ìtànṣán máàsì ni. Ìyá ọkọ mi, tí ọ̀rọ̀ wa máa ń ká lára, ra sítíkà aláwọ̀ wúrà mẹ́rin wá láti ọjà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò tóbi ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Ẹni tó tà á fún wọn ní kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóònù, ara ráútà Wi-Fi àti ara ínfátà, pé yóò máa fa ìtànṣán mu. Mo lẹ̀ ẹ́ nítorí pé mi ò fẹ́ já wọn kulẹ̀, ṣùgbọ́n orí kò yéé fọ́. Ọkọ mi ní òun lè pa Wi-Fi, bẹ́ẹ̀ sì ni orí rẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́ tí a fi ń jẹun. Ṣé Wi-Fi tó wà nínú yàrá lè pa ọmọ lára? Ṣé kí a kó kúrò ni, nígbà tó jẹ́ pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé ọdún méjì? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dájú ni kí ó dá mi lóhùn.

Ìyá Sàdíà, Ìlọrin:

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìdòwú. Tí ó bá jẹ́ èmi ni, màá kó kúrò. Àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi pé wọ́n ń dáná sun máàsì lọ́hùn-ún nígbà kòrónà ní 2020, torí pé 5G ló fà á. Èèyàn kì í ṣàdédé dáná sun ohun tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Owó ilé ṣì ń bọ̀ wá, ẹ̀mí ọmọ kò ní ààrọ̀.

Bàbá Tèmi, Abẹ́òkúta:

Ìyá Ìdòwú, ẹ kú ìnira. Ọdún kẹrìnlá rèé tí mo ti ń gun máàsì tí mo sì ń tún ohun tó bá bàjẹ́ lórí rẹ̀ ṣe, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kan èmi àti ìdílé mi gan-an. Oríṣi ìtànṣán méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn. Ọ̀kan lágbára débi pé ó lè ba ohun tí a fi mọ ara ènìyàn jẹ́ láti inú, irú èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán egungun ní ọsibítù. Èkejì kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀. Ohun tí a mọ̀ pé ó lè ṣe, bí ó bá pọ̀ jọjọ, ni kí ó mú ara gbóná. Inú èkejì yìí ni ìgbì rédíò, tẹlifíṣọ̀n, fóònù àti Wi-Fi wà. Àjọ kan tí wọ́n ń pè ní ICNIRP ló ṣe òṣùwọ̀n tí ìgbì yìí kò gbọdọ̀ kọjá lára ènìyàn, òun náà sì ni NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iléeṣẹ́ fóònù àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ń tẹ̀ lé ní Nàìjíríà.

Ìdí máàsì kọ́ ni ìgbì ti máa ń pọ̀ jù. Áńtẹ́nà tó wà lórí rẹ̀ dà bí tọ́ọ̀ṣì tí a dojú rẹ̀ kọ ọ̀ọ́kán: ẹni tó jókòó sábẹ́ ẹni tó tan tọ́ọ̀ṣì kò lè rí ìmọ́lẹ̀ tó ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Bí ènìyàn bá sì ti ń jìnnà sí ohun tó ń tú ìgbì jáde ni ìgbì náà ń yára rẹlẹ̀. Ráútà tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí orí ibùsùn, bí ẹ bá gbé e lọ sí mítà 2, ohun tí yóò máa dé ara yín yóò di bí ìdá kan nínú 100, bẹ́ẹ̀ ni ráútà fúnra rẹ̀ kì í sábà lò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì kan lọ láti fi tú ìgbì. Ẹ gbé e sí pálọ̀, kí ọkọ yín máa ṣiṣẹ́ wọn lọ. Fóònù tí ẹ gbé sétí ló ń fún orí yín ní ìgbì ju máàsì lọ, pàápàá níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára, nítorí pé ńṣe ni fóònù máa ń pariwo kí máàsì lè gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí sítíkà kò fi wúlò: bí ó bá tilẹ̀ ń dí ìgbì lọ́nà, fóònù yóò kàn fi kún ariwo rẹ̀ ni. FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń gbèjà oníbàárà, ti kìlọ̀ nípa irú ọjà bẹ́ẹ̀. Ẹ má fi dójú ti ìyá, ìfẹ́ ni wọ́n fi rà á.

Ìyá Sàdíà, ẹ má bínú sí mi: kòrónà dé Nàìjíríà ní oṣù kejì ọdún 2020, 5G kò sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣiṣẹ́ fún aráàlú níbí títí di 2022.

Mi ò sọ pé kò sí ohun tó ń ṣe yín o, Ìyá Ìdòwú. Jẹnẹrétọ̀ ìdí máàsì yẹn ńkọ́? Ibo ni wọ́n dojú páìpù èéfín rẹ̀ kọ?

Ìyá Àánú (nọ́ọ̀sì), Òṣogbo:

Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi gan-an ni Bàbá Tèmi béèrè yẹn. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní ìlú Lyon ní Faransé, fi ìgbì fóònù àti máàsì sí ìsọ̀rí 2B ní 2011. Ìyẹn ni pé ó lè jẹ́ pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò tó. Ìsọ̀rí kan náà ni oje odidi ewé aloe vera wà. Ní 2012, àjọ yìí kan náà gbé èéfín ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì sí ìsọ̀rí 1, ti ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ, ibi tí sìgá mímu wà. Ní 2024, ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n ṣe, tó kó iṣẹ́ 63 pọ̀, kò rí i pé fóònù ń fa jẹjẹrẹ ọpọlọ. Síbẹ̀ máàsì ni gbogbo wa ń wò lókè, a kì í wo èéfín tó ń gba fèrèsé wọlé.

Orí fífọ́ láàárọ̀ àti èébì, lára ẹni tó sùn nítòsí jẹnẹrétọ̀, a kì í fojú kékeré wò ó. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú èéfín, carbon monoxide, tí kò láwọ̀, tí kò sì rùn, tó máa ń gba ààyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá ní jẹnẹrétọ̀ tiyín, ẹ má gbé e sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tàbí sórí faranda. Ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ojú wò, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ sí ọsibítù nítorí ikọ́ yẹn. Ẹ má dúró de ìdáhùn wa. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé kan, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 14: ṣé iná wà lóru, ṣé orí fọ́ láàárọ̀.

Ìyá Ìdòwú, Ìbàdàn (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì):

Ẹ ṣeun, ẹ ò ní rí ìdààmú ọmọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Nínú òru 14, mẹ́sàn-án ni iná kò sí tí jẹnẹrétọ̀ wọn fi ṣiṣẹ́ mọ́jú. Orí fọ́ mi ní àárọ̀ mẹ́jọ nínú mẹ́sàn-án yẹn. Nínú márùn-ún tí iná wà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Bẹ́ẹ̀, máàsì kò kú lọ́jọ́ kankan.

Mo gba ọgbà lọ wò ó: fèrèsé wa gan-an ni ẹnu páìpù náà kọjú sí. Mo wá fi àkísà funfun nu nẹ́ẹ̀tì fèrèsé tí mo fọ̀ ní oṣù tó kọjá, àkísà náà dú bí ìdí ìkòkò. Ó dùn mí gan-an, torí pé ojoojúmọ́ ni mo ń ṣí fèrèsé yẹn kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí ọmọ. Dókítà ti fún ọmọ ní oògùn, a sì ti gbé ibùsùn lọ sí yàrá iwájú. Sítíkà mẹ́ta ni mo ti yọ kúrò; èyí tó wà lẹ́yìn fóònù ìyá ọkọ mi, mo ń dúró kí ọmọ wọn fúnra rẹ̀ bá wọn sọ ọ́. Iléeṣẹ́ náà rán ẹnì kan wá, ó ní àwọn yóò yí páìpù padà, mi ò sì tíì rí i. Ta ni kí n kọ̀wé sí?

Bàbá Tèmi, Abẹ́òkúta:

Ẹ kọ ọ́ sí iléeṣẹ́ náà, kí ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí NESREA, torí pé àwọn ló ń rí sí èéfín àti ariwo; ẹ pe 622 fún NCC pẹ̀lú. Ẹ wọn àyè tó wà láàárín ògiri yín àti máàsì dáadáa, nítorí pé mítà 5 ni NCC sọ, NESREA sì ní mítà 10, wọ́n sì ti jiyàn lórí rẹ̀ rí. Kí onílé yín bá yín fọwọ́ sí i. Kí ẹ sì so fọ́tò àkísà yẹn mọ́ lẹ́tà náà, pẹ̀lú ojú ìwé ọjọ́ 14 tí ẹ kọ.