Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ o: emo kì í ṣe èèmọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ àbúrò wa tó kọ̀wé lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí àwo àkọ́kọ́ Paramore, ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, All We Know Is Falling, ti bí mi nínú. Ọmọ náà mọ orin o, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ emo tí òyìnbó ń pe irú orin rọ́ọ̀kì wọn, látòkè délẹ̀ "orin èèmọ̀" ló ń pè é, èèmọ̀ lókè, èèmọ̀ nísàlẹ̀. Èèmọ̀ kẹ̀? Èèmọ̀ lukutu pẹ́bẹ́! Nílé tiwa, tí ìyá àgbà bá ti lanu pé "mo rí èèmọ̀", ká wá ibi sá sí ló kù. Ewúrẹ́ tó bí ọmọ olórí méjì, èèmọ̀ nìyẹn. Hayley Williams tó ń kọrin fún wọn ò ju ọmọ ọdún 16 lọ nígbà tí àwo yẹn jáde ní oṣù keje 2005, ó ń kọrin nípa bí ìgbéyàwó àwọn òbí ẹ̀ ṣe tú ká, ibo lèèmọ̀ wà níbẹ̀?

Ó ní ìró emo àti èèmọ̀ ló jọra. Ìró wo? Ojú ló fi kà á, kò fi etí gbọ́ ọ. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ará Amẹ́ríkà á mọ̀ pé "ímò" ni wọ́n ń pè, kò sí "ọ" ńbẹ̀ rárá. Tó bá jẹ́ lẹ́tà tó jọra la fẹ́ máa tẹ̀ lé, kí ló dé tá ò kúkú pè é ní ẹmọ́, ká máa kọrin eku kiri! Washington lọ́rọ̀ yẹn ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ onípọ́ǹkì líle (hardcore punk) bíi Rites of Spring (àwo tiwọn jáde ní 1985) bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn kọrin. Emotional hardcore ni wọ́n gé kúrú di emo, àwọn tí wọ́n sì fi pè gan-an ò fẹ́ràn orúkọ náà. Ẹ̀dùn nìdí ọ̀rọ̀. Nítorí náà mo fi lélẹ̀: pọ́ǹkì ẹlẹ́dùn. Ó tán.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ó tú àkọlé àwo náà sí "Ìṣubú Nìkan La Mọ̀". Rárá o. "Gbogbo Ohun Tá A Mọ̀ Ló Ń Wó" ni. Ẹ wo "ń" yẹn dáadáa, òun ló gbé gbogbo ẹrù: nǹkan náà ò tíì wó tán, ojú wọn ló ṣe ń wó lọ. Wọ́n dé Orlando láti gbohùn orin sílẹ̀, ọjọ́ mélòó kan péré, Jeremy Davis tó ń ta gìtá báàsì bá tiẹ̀ lọ. Ẹ wo àwòrán iwájú páálí àwo yẹn: àga tìmùtìmù kan, kò séèyàn lórí ẹ̀, òjìji ẹnì kan ló ń lọ. Ilé tó ń wó nìyẹn. Èèyàn ló ń ṣubú, ilé ló ń wó, ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi mọ̀ ọ́n.

——

Àbúrò, mo kà á. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà jẹ́ kí n sọ tèmi. O ń bínú sí ọmọ yẹn pé ó da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, ìwọ náà kí lo ṣe? Oní àti ẹ̀dùn, ẹlẹ́dùn. Oní àti ẹdùn, ẹlẹ́dùn! "Oní" ti gbé ohùn ìsàlẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn mì, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan tá a máa fi mọ ọ̀kan yàtọ̀. Ká ní bàbá mi ṣì wà láyé, tó o bá ní pọ́ǹkì ẹlẹ́dùn ń bọ̀, ẹdùn àrá ni wọ́n máa rò, wọ́n á ní ṣé àwọn oníṣàngó ló dé ni. Ẹkún ni kó o lò, "pọ́ǹkì ẹlẹ́kún". Àwa tá a ní ẹkún ìyàwó, ṣé ẹnì kan fẹ́ wá kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fomijé kọrin ni?

Èyí tó dùn mí jù ni ẹmọ́ tó o fi ṣẹ̀fẹ̀. "Ẹmọ́ kú, ojú òpó dí, àfèèbòjò kú, ẹnu ìṣà ń ṣọ̀fọ̀." Arò wo ló tún ju ìyẹn lọ? Mo ti rí ọkùnrin gìdìgbà tó wa ẹkún mu nígbà tí wọ́n sọ ọ́ níbi òkú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, eku lẹ rí.

——

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Èmi lẹ ń bú. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí "èèmọ̀" ṣe dé: ìyá mi ló sọ ọ́. Lọ́dún tí mo fi irun bo ojú kan, tí mo kun èékánná ní dúdú, tí ṣòkòtò mi fún bí awọ, bíi tàwọn ọmọ emo, wọ́n yọjú sí yàrá, wọ́n ní "èèmọ̀ rèé!" Láti ìgbà yẹn lèmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń pe ara wa lọ́mọ èèmọ̀, ẹ̀rín la sì fi ń rín. Mi ò ṣi ìró gbọ́, ìnagijẹ ni. Ẹ máa gbé ẹlẹ́dùn àti ẹlẹ́kún yín lọ, kò sọ́mọ tó máa bá yín lò ó.

Lórí àkọlé, òyìnbó ibẹ̀ gba méjèèjì, ẹ̀gbọ́n náà mọ̀, "ń" ni wọ́n kàn fi ń dẹ́rù bà wá. Wọ́n tún gbàgbé pé Jeremy padà wá lẹ́yìn nǹkan bí oṣù 5, nínú 2005 yẹn náà. Ilé tó wó, ṣé ó máa ń rìn padà wálé ni? Mo fi ṣubú mi sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ẹ̀gbọ́n, "pẹ́bẹ́" tẹ́ ẹ kọ mọ́ èèmọ̀ lukutu yẹn ńkọ́? Pẹbẹ là ń sọ nílé tiwa o.

——

Pẹ́bẹ́ ni. Ọmọ ibo tiẹ̀ lo jẹ́?