Báwo ni olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ṣe ń ráyè kọ nóòtì ẹ̀kọ́?

Àǹtí Jẹ́lé-ó-sinmi, Abẹ́òkúta:
Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ọmọ 31 ló wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n, èmi nìkan ni mo sì ń mójú tó wọn. Láàárọ̀, bí àwọn òbí bá ti yísẹ̀ padà ní ẹnu géètì, ẹkún á gbòde. Bí mo bá ṣe ń rẹ èyí lẹ́kún ni òmíràn á ti tọ̀ sára. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ A, B, D, ẹnìkan á ní òun fẹ́ yàgbẹ́, mo sì gbọ́dọ̀ bá a lọ, nítorí kò tíì lè tú bọ́tìnì ṣòkòtò rẹ̀. Ọ̀gá wa sì ń béèrè nóòtì ẹ̀kọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ajé. Òru ni mo fi ń kọ ọ́, ó sì ti ń hàn lára mi. Ẹ jọ̀wọ́, ìgbà wo ni ẹ̀yin ń kọ tiyín?

Màmá Olùkọ́, Ìbàdàn:
Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí, ẹ sì kú ìfaradà. Ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ gan-an ló ń gba àkókò wa, bí kò ṣe àárín iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ kan bá ní ìtọ̀ ń gbọ̀n òun. Ṣáájú ẹ̀kọ́ àti lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ kó gbogbo wọn lọ, kí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kí wọ́n máa kọrin ìmọ́tótó títí yóò fi kan kálukú. Ní ti ẹkún àárọ̀, ẹ tẹ́ ẹní, kí ẹ da ìdérí ike ńláńlá aláwọ̀ oríṣiríṣi sí i. Ọmọ tó ń sunkún á jókòó, á máa to pupa mọ́ pupa, á sì gbàgbé ẹkún. Ẹ̀kọ́ ìṣirò nìyẹn o; ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú nóòtì yín, dípò kí ẹ máa wá ohun tuntun tí ẹ kò ní ráyè ṣe. Bí wọ́n bá sùn lọ́sàn-án, ẹ kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́ Àná:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ màmá, yàtọ̀ sí ti oorun ọ̀sán, nítorí ojú tó wà lára ìwé kò lè rí ọmọ tó jí tó sì ń rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọgbọ́n kankan kò lè rọ́pò nání, ìyẹn ẹni tó ń bá olùkọ́ mójú tó àwọn ọmọ ní kíláàsì. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2004 ní kí olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kan máa mójú tó ọmọ 25. Àǹtí, ẹ kọ̀wé béèrè nání lọ́wọ́ ọ̀gá yín, kí ẹ sọ fún wọn pé nígbà tí ẹ bá wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú ọmọ kan, 30 yòókù kò ní ẹni tó ń ṣọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ ni kí ẹ fi ṣáájú, kí ẹ tó mẹ́nu ba àárẹ̀.

Bàbá Ìbejì:
Òbí ni èmi, ọ̀rọ̀ bọ́tìnì yẹn sì dùn mí. A lè wọ ṣòkòtò onírọ́bà fún àwọn ọmọ wa, kí a sì kọ orúkọ wọn sára kúlà àti ìdérí rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn òbí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò mọ̀ pé ó ń fún yín ní wàhálà.