Asà atẹ́gùn ni, kì í ṣe gíláàsì iwájú

Ẹ̀yin àgbà èdè àti ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa gbogbo, mo kí yín.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Àgbádárìgì kọ̀wé pé àwọn ra alùpùpù tuntun kan tí wọ́n ṣe ní ìrísí ti àtijọ́, irú èyí tí iná iwájú rẹ̀ rí roboto, àti pé àwọn ń wá ohun tí wọ́n máa ń dè mọ́ iwájú rẹ̀ kí atẹ́gùn ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ má baà máa lù wọ́n láyà. Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi wá: kí ni ká máa pe nǹkan náà ní Yorùbá, irú wo sì ni kí àwọn rà? Àwọn tó dáhùn ṣáájú mi mú orúkọ mẹ́ta wá, ìyẹn gíláàsì iwájú, ìbòjú alùpùpù àti agbatẹ́gùn. Láti Ìkòròdú níbí, n kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú wọn. Asà atẹ́gùn ni mo fẹ́ mú wá síwájú yín, asà tí jagunjagun fi ń gba ọfà ni mo ní lọ́kàn, nítorí lójú tèmi, ìbéèrè méjèèjì kò ṣe é yà sọ́tọ̀: ẹni tó bá sọ nǹkan yìí lórúkọ bó ṣe yẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ èyí tí yóò rà.

Gíláàsì iwájú ló rọrùn jù láti sọ, òun náà ló sì ń ṣini lọ́nà jù. Nínú mọ́tò, gíláàsì gidi ni, inú rẹ̀ ni awakọ̀ ti ń wo ọ̀nà, bí òjò bá sì dé, wáípà wà tí yóò máa nù ún. Ti alùpùpù kì í ṣe gíláàsì rárá. Ike ni, yálà acrylic tàbí polycarbonate, kò sì ní wáípà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òkè rẹ̀ ló yẹ kí ẹni tó ń gun alùpùpù ti máa wo ọ̀nà, kì í ṣe inú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọkàn gíláàsì mọ́tò lọ sọ́jà yóò ra èyí tó ga ju orí rẹ̀ lọ, inú rẹ̀ yóò sì dùn sí i títí di alẹ́ tí òjò bá ká a mọ́ ojú ọ̀nà Ìtóìkín, tí ẹ̀kán omi kún ara ike náà, tí iná tírélà tó ń bọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ sì tàn sára ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Kò ní rí ọ̀nà, kò sì ní rí kòtò.

Nítorí náà, gíga ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n wa yóò wọ̀n, ara tiwọn ni kí wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí wọ́n gbé alùpùpù náà sórí ilẹ̀ títẹ́jú, kí wọ́n dé àṣíborí, kí wọ́n sì jókòó bí wọ́n ṣe ń jókòó lójú ọ̀nà gan-an, nítorí ẹni tó bá na ẹ̀yìn gbọọrọ torí pé wọ́n ń wọ̀n ọ́n yóò ra èyí tó ga jù. Kí ẹnìkan gé páálí, kí ó fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè iná iwájú, kí ó sì máa gé e kù díẹ̀díẹ̀ títí etí òkè rẹ̀ yóò fi ṣe déédéé imú tàbí ẹnu wọn. Bí ó bá ti dé ìpéǹpéjú, ó ti ga jù.

Ìbòjú ni orúkọ kejì. Ó dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n ojú gan-an ni nǹkan yìí kò gbọdọ̀ bò, àyà ni ó ń bò. Ike tó máa ń wà níwájú àṣíborí, èyí tí a ń fà wálẹ̀ bo ojú, ni ó ni orúkọ yẹn, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún un.

Agbatẹ́gùn ni mo ronú lé lórí jù, torí ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ mọ èdè. Agbòjò àti agboòrùn ló tẹ̀ lé: bí èyí tó ń gba òjò bá jẹ́ agbòjò, èyí tó ń gba atẹ́gùn yóò jẹ́ agbatẹ́gùn. Ìṣẹ̀dá náà kò ní àbùkù kankan. Ìtumọ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti ní tẹ́lẹ̀ ni kò jẹ́ kó ṣe é lò, nítorí ẹni tó bá lọ gbatẹ́gùn ní èdè wa ti lọ fara balẹ̀ ni, bóyá létí ọ̀sà ní Ẹbúté ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ẹ̀pà lọ́wọ́. Bí mo bá ní kí mẹkáníìkì mi bá mi de agbatẹ́gùn mọ́ alùpùpù, ó lè bi mí pé ta ni ẹni náà, ṣé kò lè dá dì mú ni. Ẹni tó ń sá fún atẹ́gùn kò lè fi orúkọ ẹni tó ń wá a kiri pe ohun èlò rẹ̀. Bí a bá sì fẹ́ fi dí rọ́pò gbà, ìpajẹ fáwẹ̀lì, ìyẹn bí fáwẹ̀lì kan ṣe ń pa èkejì jẹ, yóò sọ dí atẹ́gùn di dátẹ́gùn, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ó ń dí i ni, tàbí ó ń dá a sílẹ̀ bíi fáànù.

Àní bí a tilẹ̀ rí ọ̀nà gbé dí yìí gbà, kò ní bá òtítọ́ mu, nítorí nǹkan yìí kì í dá atẹ́gùn dúró. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí atẹ́gùn fi ń tì wá yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòròdú, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń fi ike ṣe, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kúrò lórí 40 kìlómítà ní wákàtí kan bọ́ sórí 80 yóò mọ̀ ọ́n lọ́rùn àti lápá. Iṣẹ́ ike náà ni láti gbé atẹ́gùn yẹn gba òkè orí àti ẹ̀gbẹ́ èjìká kọjá. Bí ó bá gbòòrò jù, tí ó sì dúró ṣánṣán, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò ṣófo, atẹ́gùn yóò yí po wá kún ibẹ̀, yóò sì máa mi àṣíborí jìgìjìgì. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe é fi ń fi àlàfo sílẹ̀ nísàlẹ̀, láàárín ike àti iná, kí atẹ́gùn díẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé.

Ẹ wá wo asà. Jagunjagun kì í gbé asà sójú, àyà ni ó ń gbé e sí, òkè rẹ̀ ni ó sì ti ń yọjú wo ọ̀tá. Asà tó dára kì í gbé ọfà mì, ṣe ni ó ń mú kí ọfà yẹ̀. Ibi tí ojú wà, ibi tí ara wà, àti ohun tó ń ṣe sí ohun tó ń bọ̀, gbogbo rẹ̀ ló bá ti alùpùpù mu. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní asà yóò dà bí àṣà tàbí àṣá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n atẹ́gùn tó tẹ̀ lé e ni yóò yanjú rẹ̀. Apata, ìkejì asà, ló léwu jù, torí láìsí àmì, òkúta ni gbogbo ayé yóò kà á sí.

Orúkọ yìí tún fún wa láyè láti pín in sí kékeré àti ńlá. Ọmọ asà ni mo fẹ́ ká máa pe èyí tó kéré, tó jókòó sókè iná roboto, bí a ṣe ń pe èyí tó kéré nínú òkúta ọlọ méjèèjì ní ọmọ ọlọ. Ó ní ìtàn tirẹ̀: ní ọdún 1973 ni ilé iṣẹ́ BMW gbé alùpùpù kan tí ń jẹ́ R90S jáde pẹ̀lú ìbòrí kékeré tó yí iná iwájú ká, ìrísí yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ń wá títí dòní. Kí n sọ òótọ́, ẹwà rẹ̀ ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Asà ńlá tí a dè mọ́ hándù, ní tirẹ̀, máa ń fa hándù bí atẹ́gùn bá ti ẹ̀gbẹ́ kọ lù ú, ọ̀nà tó sún mọ́ òkun kì í sì í ṣaláìní irú atẹ́gùn bẹ́ẹ̀. Fún ẹ̀gbọ́n wa, asà aláàárín ni, èyí tí páálí wọn bá fi hàn.

Kí wọ́n tó sanwó, kí wọ́n wo bí hándù ṣe nípọn tó, torí 22 mílímítà tàbí 25.4 ni ọ̀pọ̀ wọn, irin ìdìmú ti ọ̀kan kì í bá èkejì mu. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán, kí wọ́n yí hándù dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí wọ́n wò ó bóyá ike kan àgbá epo, tàbí bóyá wáyà kílọ́ọ̀ṣì ká kò. Ní ti ohun tí wọ́n fi ṣe é, acrylic mọ́ kedere ṣùgbọ́n ó tètè ń fọ́. Polycarbonate kì í tètè fọ́ ṣùgbọ́n ó tètè ń họ, àfi èyí tí wọ́n bá fi nǹkan líle kùn lójú, òun ni mo sì máa yàn fún ọ̀nà tí òkúta ń ta láti ẹsẹ̀ tírélà. Kí wọ́n kìlọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó bá fẹ́ fi àkísà tó rin fún bẹntiróòlù nù ún, torí epo yẹn yóò mú kí ara rẹ̀ sán wẹ́wẹ́. Omi ni kí ó kọ́kọ́ dà sí i kí eruku lè rọ̀, kí ó tó fi ọṣẹ àti aṣọ múlọ́múlọ́ fọ̀ ọ́.

Ní ti alùpùpù náà fúnra rẹ̀, alùpùpù àtijọ́ tí àwọn kan kọ kò tọ́, torí tuntun ni. Alùpùpù onírìísí àtijọ́ ti tó. Ó wá ku ìbòrí ńlá tí a kì í dè mọ́ hándù, tí a ń so mọ́ egungun alùpùpù, tó sì bo ni dé orúnkún. Asà ti kéré fún ìyẹn. Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́ tí ẹ bá ní orúkọ fún un, ẹ mú un wá.