Níbo gan-an ni eré Ikú Olókùn-Ẹṣin ti yí?

Àyàn_Òde: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin eléré. Èmi ni mò ń lu ìyáàlù nínú ẹgbẹ́ wa. Ikú Olókùn-Ẹṣin la fẹ́ ṣe, èyí tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá túmọ̀ láti inú eré Wọlé Ṣóyínká. Olùdarí wa ní ìgbà tí Pilkings, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó, mú Ẹlẹ́ṣin, ẹni tó yẹ kó kú tẹ̀lé ọba tó wàjà, ni eré yí, pé kí n yí ọwọ́ ìlù níbẹ̀. Níbẹ̀ wo? Kò sẹ́ni tó rí wọn lórí ìtàgé nígbà tí wọ́n mú un! Ní ìran kẹta, Ẹlẹ́ṣin ṣì ń jó lọ. Ní ìran kẹrin, ilé òyìnbó la wà. Olúndé, ọmọ Ẹlẹ́ṣin, ń bá ìyàwó Pilkings sọ̀rọ̀, ó gbọ́ tí ìlù ń ròkè, tó gé lójijì, tí òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní bàbá òun ti lọ. Bàbá ò lọ rárá! Ṣé ìlù mi ló wá purọ́ ni?

Ọmọ_Ọjà: Ẹ̀gbọ́n onílù, inú ọjà ni kí ẹ ti yí ọwọ́, ní ìran kìíní. Ẹni tó ń lọ sọ́run rí ọmọge, ó ní òun fẹ́ ẹ, àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà sì ni! Ìyálọ́jà ò lè kọ̀. Ta ní í ṣahun sí ẹni tó ń lọ sọ́run? Ní ìran karùn-ún, Ẹlẹ́ṣin di ẹ̀bi ru òyìnbó, ó dì í ru àwọn òrìṣà, ó kan ọmọbìnrin náà, kó tó jẹ́wọ́ pé ayé ṣì wu òun.

Alárìnjó: Mo ti ṣe Olóhùn-iyọ̀, ẹni tó ń ki Ẹlẹ́ṣin, rí. Ìran kẹta ni tèmi. Èmi ni mò ń bi Ẹlẹ́ṣin bóyá ó ṣì ń gbọ́ mi, tó ń dáhùn pé ohùn mi ti jìnnà. Onílù tó bá sáré níbẹ̀ ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ní ti Pilkings, ẹ ní kí ọ̀gá yín ka ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Ṣóyínká ní ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ọ̀yọ́ ní 1946 ni òun gbé eré lé, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má sọ ọ́ di ìjà àṣà òyìnbó àti tiwa.

Ọmọ_Ọjà: Àmọ́ bí Pilkings ò bá dé, ṣebí ó lè kú?

Alárìnjó: Ó lè kú. Ó sì lè jí lówùúrọ̀ kó béèrè oúnjẹ.

Àyàn_Òde: Háà! Ó dáa. Bí ọmọge bá ti wọlé, màá dá gángan dúró, kí ìyáàlù nìkan máa lọ. Ti ìran kẹrin, bó ṣe wà nínú ìwé ni màá lù ú. Ta ló máa bá mi sọ fún olùdarí?