Eré wo ló lè kó èrò wá pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́?

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò wa, nítòsí Òṣogbo, fẹ́ ṣe eré lọ́sẹ̀ Kérésìmesì tí àwọn ọmọ ìlú máa ń wálé. ₦600,000 ni gbogbo owó tó wà nílẹ̀. Gbọ̀ngàn ìlú la máa lò: àga oníke 180, páànù lókè láìsí síìlì, iná ìjọba kò sì ṣeé gbọ́kàn lé. Òṣèré 12 ló ti fẹnu sí i, 4 nínú wọn ò gorí ìtàgé rí.

Alága wa ní *Ọba Kò So* ni kí á ṣe, pé kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ní *The Gods Are Not to Blame* ti Ọlá Rótìmí. Èmi tí mo di àpò mú, àyà mi ń já. Irú eré wo ló ń pa èrò lẹ́rìn-ín tí àpò ò ní ya? Ẹ bá wa dá sí i.

Ìran Kẹta

Ẹ kú àníyàn, Akọ̀wé. Kí ẹ tó dárúkọ eré kankan, ẹ ka orí ènìyàn. Owó ọkọ̀ ló ń jẹ owó ẹgbẹ́ bíi tiyín, kì í ṣe pákó tàbí aṣọ. Rìhásà ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 6 jẹ́ ìpàdé 18. Bí ẹ bá ń fún òṣèré kọ̀ọ̀kan ní ₦1,500, ènìyàn 12 á gba ₦324,000, ju ìdajì owó yín lọ. Ènìyàn 7 á gba ₦189,000. Ẹ tún ya tábìlì sínú ìwé: orúkọ òṣèré lápá òsì, ìran lókè, kí ẹ fàmì sí ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti jáde. Ẹni tí kò sí nínú ìran tí ẹ fẹ́ ṣe lónìí, kó jókòó sílé. Tábìlì yẹn náà ló máa fi ẹni tó lè ṣe ipa méjì hàn yín.

*Ọba Kò So* dára, ṣùgbọ́n ẹ fi sílẹ̀ ná. Eré olórin ni. Ìlù bàtá, oríkì àti ijó ni Dúró Ládípọ̀ gbé e lé. Onílù gbọ́dọ̀ wà ní rìhásà láti ọ̀sẹ̀ kìíní, torí bí ìlù bá ṣì, òṣèré á ṣì. Onílù bàtá tó mọṣẹ́ kì í sì ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Iná tí Ṣàngó ń yọ lẹ́nu ńkọ́? Nínú gbọ̀ngàn tó kún fún àga oníke, ẹ má dán an wò. Ti àwọn ọ̀dọ́ náà ní ààfin, ìjòyè, ẹ̀ṣọ́ àti ará ìlú, ọba sì fọ́jú ara rẹ̀ níkẹyìn. Ta ló fẹ́ gbé ìyẹn lọ jẹ adìyẹ Kérésìmesì?

*The Trials of Brother Jero* ti Ṣóyínká ni èmi á mú. Ìran 5 ni, ènìyàn 3 ló gbé e rù: Jero wòlíì etíkun, Chume ọmọ ìjọ rẹ̀, àti Amope ìyàwó Chume tó ń sin Jero ní gbèsè aṣọ fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Àwọn yòókù lè máa ṣe ipa méjì-méjì. Aṣọ funfun, ọ̀pá bàm̀bù mélòó kan àti ẹní ti tó ṣe ibi àdúrà létí òkun.

Kẹ̀kẹ́ ológeere Chume nìkan ló lè dójú tì yín. Amope ni yóò gùn sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó di alẹ́ eré kí wọ́n tó gùn ún pọ̀. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni kí kẹ̀kẹ́ ti wà ní rìhásà. Ẹ dán bíréèkì wò, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sílẹ̀ níbi tí yóò ti dúró. Bí ìtàgé kò bá gùn tó mítà 5, kó tì í wọlé, kó má gùn ún. Ẹ̀rín rẹ̀ kò dín.

Wòlíì èké ni eré náà ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ lọ bá àwọn àgbà ìjọ aládùúrà ìlú sọ̀rọ̀ kí pósítà tó jáde.

Aláwàdà Obìnrin

Ẹ̀gbọ́n Ìran Kẹta, mo gbọ́ tiyín, ṣùgbọ́n òyìnbó ni wọ́n fi kọ *Jero*. Màmá àgbà tó jókòó níwájú á ti máa sùn kí ìran kejì tó parí. Ẹ kò sì lè jókòó sílé tú u sí Yorùbá bó ṣe wù yín. Ìtumọ̀ náà ń fẹ́ àṣẹ. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé Nàìjíríà ti 2022, ẹ̀tọ́ náà wà títí ọdún 70 lẹ́yìn ìparí ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ọlá Rótìmí kú ní 2000, tirẹ̀ di ìparí 2070. Ṣóyínká ṣì wà láyé. Ẹ kọ̀wé sí ilé ìtẹ̀wé tó tẹ ìwé náà. Ẹ sọ ọjọ́, iye àga, iye owó tíkẹ́ẹ̀tì àti iye ìgbà tí ẹ máa ṣe é. Ẹ tètè kọ ọ́, ìdáhùn lè pẹ́.

Bí ẹ kò bá fẹ́ dúró de àṣẹ, ẹ mú ti Molière, ará Faransé tó kú ní 1673. Eré rẹ̀ *L'Avare* (1668) kò ju ọ̀rọ̀ ahun kan lọ tó ri àpótí owó mọ́lẹ̀ nínú ọgbà. Ahun! Èwo ni Yorùbá ò mọ̀ níbẹ̀? Inú ilé kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jacques ni alásè, òun náà ni awakọ̀ ẹṣin. Bí ọ̀gá bá pè é, á kọ́kọ́ bi í pé èwo nínú àwọn méjèèjì ló ń bá sọ̀rọ̀, kó tó pààrọ̀ aṣọ. Fìlà méjì ti tó fún un. Nígbà tí wọ́n jí àpótí náà, ahun sáré jáde, ó ń ké "Olè!", ó gbá apá kan mú ṣinṣin, àṣé apá ara rẹ̀ ni. Ó tún kọjú sí èrò, ó ń wo ojú wọn bóyá olè wà láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kó rìn wọ àárín àga níbẹ̀, kó máa yẹ àpò àwọn bàbá wò.

Ìtumọ̀ tuntun ní òyìnbó lè ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀ o. Èyí tí olùtúmọ̀ rẹ̀ ti kú ju ọdún 70 lọ ni kí ẹ fi ṣiṣẹ́, tàbí ẹni tó gbọ́ Faransé. Apá 5 ni eré náà, ó gùn. Ẹ gé e kó di ìṣẹ́jú 80. Ẹ fi aago kà á sókè: ohun tó bá gba wákàtí kan nídìí tábìlì lè di ìṣẹ́jú 75 bí ìrìn àti ẹ̀rín bá wọ̀ ọ́.

Ìran Kẹta

Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ lórí èdè. Ṣùgbọ́n ìwé eré tí ẹ máa tú sí Yorùbá gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ kí rìhásà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń kọ ìran kẹrin lọ́wọ́ nígbà tí òṣèré ń há ìran kejì sórí, rògbòdìyàn ló kó sí.

Oníná

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná àti ohùn.

Ní Kérésìmesì, bángà tí àwọn ọmọdé ń yìn máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ lálẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ojúmọ́ ṣì wà, epo dín, àwọn tó ń ti abúlé wá á sì tètè délé.

Iná LED 50W 8 jẹ́ 400W péré, jẹnẹrétọ̀ 2.5kVA á gbé e, á gbé ẹ̀rọ orin mọ́ ọn. Iná halójìn 500W 4 ti jẹ́ 2,000W, ẹ̀rọ yẹn á máa kérora. Ẹ gbé iná sókè tó mítà 3 lápá méjèèjì, kó dojú kọ òṣèré ní ẹ̀gbẹ́-ẹ̀gbẹ́. Bó bá wà nílẹ̀, òjìji imú á gun iwájú orí, èrò á máa wo iwin. Ẹ fi wáyà 2.5mm gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà tó mítà 30, lẹ́yìn ògiri, kí èéfín má kọjú sí fèrèsé. Ẹ bu epo kún un kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ẹ má bu epo sí i nígbà tó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún òṣèré ní máìkì ọlọ́wọ́. Ẹni tó di máìkì mú kò lè gbá apá ara rẹ̀ mú. Ẹ pín àga sí ọ̀nà 3 yí ìtàgé ká, 60-60, ìlà 6 tí ó ní àga 10. Bí ìlà kọ̀ọ̀kan bá gba 90cm, ẹni ìkẹyìn kò jìnnà ju bíi mítà 7 lọ. Páànù àti ògiri lásán máa ń da ohùn padà, nítorí náà ẹ ta kọ́tìnnì tó nípọn sára ògiri ẹ̀yìn.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́

Mo dúpẹ́ gan-an. Ahun ló wọ̀ mí lójú. Kí ni mo fẹ́ sọ fún Alága o? Tíkẹ́ẹ̀tì ₦2,000 ńkọ́?

Aláwàdà Obìnrin

Ẹ fún Alága ní ìṣẹ́jú 10 níbẹ̀rẹ̀: oríkì Ṣàngó àti onígángan kan, kó fúnra rẹ̀ jáde kí èrò. Onígángan yẹn náà ni kó máa lu ìlù nígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ìran.

Lórí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi àga 180 ṣírò. Ẹ fi 108 ṣe é, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún: ₦216,000 lẹ́ẹ̀kan, ₦648,000 bí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kò lè dá owó yín padà. Ọjọ́ 26, 27 àti 28 ni mo rí, kí àwọn ará Èkó tó padà sẹ́nu iṣẹ́.