Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o: mo fẹ́ rin ìgboro Ìbàdàn bí ọmọ onílùú

Fọlákẹ́ Àkóbọ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn, inú ló ń bí mi. Láti ìgbà tí mo ti kó wá sí Ìbàdàn ni gbogbo èèyàn ti ń sọ fún mi pé ìlú dùn, ìlú dùn. Dídùn wo? Ilé ìtajà aláfẹ́fẹ́ tútù nìkan ni mo mọ̀. Mo ní kí onítakisí kan gbé mi rin ìgboro, owó tó gbà lọ́wọ́ mi tó kí n fi lọ sí Èkó kí n sì fi bọ̀. A kọjá lábẹ́ Cocoa House, ó ní "Màdáámù, ẹ wò ó," kò tilẹ̀ tẹ bíréèkì. A dé Agodi, ó ní kí n lọ ya fọ́tò, ó sì jókòó sínú ọkọ̀, ó ń ka ìṣẹ́jú sí mi létí. Mo wá sọ ọ́ níbi iṣẹ́, ṣe ni wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "O ò tíì dé Ìbàdàn, Àkóbọ̀ lo wà." Máàpù orí fóònù náà ò gbè mí. Ó ní kí n yà nítòsí Bẹẹrẹ, ẹ̀yìnkùlé onílé ni mo já sí. Obìnrin tó ń fọṣọ níbẹ̀ wò mí bí ẹni wo olè.

Ẹ ṣáà júwe fún mi. Bí ọmọ Ìbàdàn bá fẹ́ rin Mápó, Láyípo, Ọjà Ọba àti àwọn àdúgbò àtijọ́ yẹn, báwo ló ṣe ń ṣe é? Ọkọ̀ wo? Àárọ̀ ni àbí ọ̀sán? Kí ni mo máa jẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n pe ọkọ̀ orí fóònù, owó wọn ló lé mi wá síbí.

Dẹ́rẹ́bà Míkírà:
Àkóbọ̀ sí Ìwó Road. Ìwó Road sí Gate. Gate sí Bẹẹrẹ. Míkírà, takisí kékeré ìgboro, ni gbogbo ẹ̀. Ẹ mú ṣénjì dání. Tẹ́ ẹ bá na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí dẹ́rẹ́bà láàárọ̀ kùtù, ẹ ó gbọ́ ohun tó máa sọ. Ẹni méjì là ń kó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà. Tẹ́ ò bá fẹ́ kí jíà máa gún yín lórúnkún, ẹ san owó ẹni méjì, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ọkọ̀ tó bá ṣófo tó dúró fún yín lójú títì, ẹ bi í pé ṣé èrò ló ń kó. Tẹ́ ẹ bá wọlé láìbéèrè, drop ló máa kà á sí, pé ẹ̀yin nìkan lẹ gba gbogbo ọkọ̀, ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ̀, ẹ ké "ó wà o" kẹ́ ẹ tó débẹ̀, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá kọjá ẹ̀.

Ọmọ Òkè Àárẹ̀:
Tẹ́ ẹ bá ti dé Bẹẹrẹ, ẹsẹ̀ ló kù. Láyípo, ilé ìṣọ́ gíga yẹn, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gùn nígbà tí ara ṣì le. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ, ní ìrántí Captain Bower, Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́kọ́ ṣe aṣojú ìjọba wọn níbí. Àtẹ̀gùn inú ẹ̀ há, ó sì ń yí, ẹ má gbé báàgì ńlá kọ́ ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, Mápó, gbọ̀ngàn ńlá orí òkè. Ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i, òpó méje ló wà níwájú ẹ̀. Àwọn àlejò máa ń ya fọ́tò òpó, wọn á sì yí padà. Ẹ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òkè náà kẹ́ ẹ wo ìsàlẹ̀: páànù tó ti dípẹtà, òrùlé lórí òrùlé, agboolé tó wọ inú ara wọn débi pé ẹ ò ní rí ojú títì. Ẹ má lọ nígbà ọyẹ́, eruku ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan kan. Ọjọ́ kejì òjò ló dáa jù. Láti Mápó, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Ọjà Ọba, bàtà pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Akọ̀wé Sámóńdà:
Ta ló ń gba Gate lọ sí Mápó lóde òní? Ẹ gba Mọ́lété. Ẹ wọkọ̀ tó ń lọ sí Bẹẹrẹ níbẹ̀, á gba Bódé, Kúdẹtì, Ìdí Arẹrẹ, á yọ sí Ọjà Ọba. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tó béèrè ló wà lójú ọ̀nà kan ṣoṣo yẹn. Ní Bódé á rí àwọn eléwé-ọmọ. Kúdẹtì ni àwọn Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì, tẹ̀dó sí nígbà tí wọ́n gbé ìhìnrere dé Ìbàdàn ní 1853.

Dẹ́rẹ́bà Míkírà:
Ará Àkóbọ̀ lẹ ń rán lọ sí Mọ́lété? Kó lọ yí gbogbo ìlú po kó tó bẹ̀rẹ̀? Ẹ dákun.

Akọ̀wé Sámóńdà:
Ó ní òun fẹ́ rìn ín bí onílùú. Ṣé kò ní yípo ni?

Ìyá Aláṣọ Òjé:
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ fọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Òjé wà láàárín Gate àti Bẹẹrẹ, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹ̀. Àbúrò mi, bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Lóòótọ́ ṣọ́ọ̀bù ń ṣí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọjà gan-an, ìtàdógún ni. Bi ẹni tó ń ta aṣọ òkè, á sọ èyí tó kàn fún ọ. Òru làwọn tó ń kó aṣọ wọlé ti ń dé, tílẹ̀ bá ti mọ́ tán, ojúlówó ti lọ. Má jẹ́ kí wọ́n fi aṣọ ẹ̀rọ tà ọ́ bí àfọwọ́hun. Yẹ ẹ̀yìn aṣọ náà wò: àfọwọ́hun, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n rán pọ̀, wàá rí ojú ìránṣọ. Èyí tó bá fẹ̀ gbàgàdà láìní ojú ìrán, ẹ̀rọ ló sábà máa ń hun ún. Tún fa òwú kan yọ nídìí ẹ̀, fi iná sí i. Òwú gidi á jó di eérú. Tó bá yọ́, tó sì dì kókó, ọ̀rá ni. Tó o bá rí àdìrẹ Ìbàdàndùn, wò ó dáadáa, òpó Mápó ni wọ́n yà sí i, wọ́n fi ṣíbí sáàárín wọn. Mo ní tèmi nílẹ̀ o, tó o bá fẹ́.

Alákòóso:
Ìyá Aláṣọ, a ò polówó ọjà lábẹ́ ìbéèrè. Fọlákẹ́, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ lọ? Ẹ̀yin mélòó?

Fọlákẹ́ Àkóbọ̀:
Ẹ ṣeun gan-an. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo ti gba àyè níbi iṣẹ́, ẹ má sọ fún mi pé kí n yí i padà. Èmi àti ẹnì kan ni, rélùwéè ló máa wọ̀ wá láti Èkó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Tá a bá ti pàdé, a kàn fẹ́ wọ ìgboro ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n rìn láti Bẹẹrẹ dé Mápó, ṣé ọkọ̀ ò gùn ún ni?

Ọmọ Òkè Àárẹ̀:
Ọkọ̀ ń gùn ún dé iwájú gbọ̀ngàn. Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ ṣe bí onílùú.

Alhájì Ìsàlẹ̀ Ọ̀sùn:
Jímọ̀ kẹ̀! Mọ́ṣáláṣí ńlá wà ní Ọjà Ọba. Láti nǹkan bí aago 12 ni ọ̀nà yẹn ti ń dí, àwọn èèyàn á tẹ́ ẹní dójú títì, ó di bí aago 3 kó tó tú. Rélùwéè tó ń ti Èkó bọ̀ láàárọ̀, Móníyà ló máa já èrò sí, Móníyà ò sì sún mọ́ ibi kankan. Móníyà sí Òjóò, Òjóò sí Ìwó Road, Ìwó Road sí Gate, kẹ́ ẹ tó máa wá Bẹẹrẹ. Tó bá fi máa dé Bẹẹrẹ, imáàmù ti wà lórí mínbárì. Inú Míkírà lẹ máa ti gbọ́ wáàsí.

Abẹ̀ní Bódìjà:
Tó bá jẹ́ pé ọjọ́ Jímọ̀ náà ni dandan, ẹ kọ́kọ́ wá jẹun. Láti Òjóò, ẹ wọ èyí tó ń gba UI, Yunifásítì Ìbàdàn, bọ̀ ní Bódìjà. Ẹ tètè dé o. Gbẹ̀gìrì kì í dúró de ìrọ̀lẹ́: ẹ̀wà bíbó ni, ooru ń yára bà á jẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí i tó ń yọ fóòmù lójú, tí òórùn ẹ̀ ti ń kan, ewédú lásán ni kẹ́ ẹ gbà. Àmàlà náà, ẹ ní kí wọ́n bù ú látinú kúlà nígbà tẹ́ ẹ bá ti jókòó, má ṣe gba èyí tó ti wà lórí tábìlì tó ti yọ awọ. Ẹran yín, ẹ nawọ́ sí i kẹ́ ẹ sì béèrè iye ẹ̀ kí wọ́n tó jù ú sínú abọ́. Ògúnfe wọ́n ju ṣàkì lọ, ẹni tí ò béèrè ló ń pariwo nídìí owó.

Alákòóso:
Fọlákẹ́, ta ni ẹnì kan yẹn? Àgbà ni àbí ọmọdé?

Fọlákẹ́ Àkóbọ̀:
Abẹ̀ní, ẹ ṣé fún ti àmàlà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Màmá ti pé ọdún 74, orúnkún ń dùn wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n lágbára, ẹ má wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n á sùn lọ́dọ̀ mi di ọjọ́ Àìkú.

Ọmọ Òkè Àárẹ̀:
Háà! Mo ń rán ìyá àgbà gun Láyípo! Kí ló dé tẹ́ ò ti sọ bẹ́ẹ̀ látòkè?

Nọ́ọ̀sì Yemẹtù:
"Díẹ̀" ti ọmọ ọdún 74 kì í ṣe díẹ̀. Ẹ yọ Láyípo kúrò, ẹ yọ ìrìn ẹsẹ̀ kúrò. Nínú Míkírà, iwájú ni kí Màmá jókòó, kẹ́ ẹ san owó àyè méjèèjì níwájú. Kí wọ́n kọ́kọ́ fìdí jókòó, kí wọ́n wá gbé ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé pa pọ̀. Ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta, ibẹ̀ ni orúnkún ti ń yí.

Alhájì Ìsàlẹ̀ Ọ̀sùn:
Ọjọ́ Àìkú lẹ ní wọ́n ń lọ, kí lẹ wá ń fi Jímọ̀ ṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Sátidé lẹ máa jáde.

Akọ̀wé Sámóńdà:
Sátidé tí gbogbo àdúgbò ń ṣe ìnáwó? Kánópì nìkan ló máa wà lójú ọ̀nà.

Alhájì Ìsàlẹ̀ Ọ̀sùn:
Kánópì kì í dí ọ̀nà ní aago 7 àárọ̀. Kí wọ́n tó to àga tán, Màmá ti ṣe tán. Ẹni tó bá ń wá àgbà nílé náà, àárọ̀ ló ń lọ.

Fọlákẹ́ Àkóbọ̀:
Èmi ò sọ pé à ń wá ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí ẹ ti sọ ọ́, Màmá fẹ́ dé Ìdí Arẹrẹ. Ibẹ̀ ni ilé bàbá wọn wà, ọmọdé ni wọ́n nígbà tí wọ́n kúrò. Wọ́n ní orúkọ agboolé náà lórí, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Máàpù ò mọ̀ ọ́n. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ júwe bí onílùú ṣe ń rìn nìyẹn. Màmá mú rísíìtì owó orí ilé tí bàbá wọn san láyé àtijọ́ dání, wọ́n fẹ́ fi han àwọn tó wà níbẹ̀.

Ọmọ Òkè Àárẹ̀:
Ó tán.

Dẹ́rẹ́bà Míkírà:
Látàárọ̀ là ń sọ àmàlà.

Ìyá Aláṣọ Òjé:
Rísíìtì! Ẹ fi sílé o! Ẹni tó ti ń gbénú ilé láti ìgbà pípẹ́, ẹ kàn yọ ìwé sí i lójú, ẹ ẹ̀ ní rí omi mu.

Fọlákẹ́ Àkóbọ̀:
Màmá ò fẹ́ jà. Wọ́n kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àwọn wà láyé ni.

Lọ́yà Ìyágankú:
Ẹ jẹ́ kí n ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Rísíìtì owó orí ilé kò fi ẹ̀tọ́ onílé hàn fúnra ẹ̀, ó kàn fi hàn pé ẹnì kan sanwó ni. Ṣùgbọ́n Màmá ò nílò ẹ̀ láti jẹ́ ọmọ bàbá wọn. Lábẹ́ àṣà Yorùbá, ọmọbìnrin ní ìpín nínú ilé bàbá ẹ̀ bí ọkùnrin, ìbáà jẹ́ ìdí igi (iye ìyàwó bàbá) ni wọ́n fi pín in tàbí orí-ò-jorí (iye ọmọ). Ilé ẹbí sì ni, ẹnì kan ò lè dá a tà láìsí olórí ẹbí àti àwọn aṣáájú ìdí igi. Nítorí náà: ojúlówó rísíìtì á wà ní Àkóbọ̀. Ẹ ṣe fọ́tòkọ́pì, kó wà nísàlẹ̀ báàgì, ẹ má yọ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí Màmá má fọwọ́ sí ìwé kankan, kó má sì gba owó kankan tí wọ́n bá pè ní ìpín.

Alhájì Ìsàlẹ̀ Ọ̀sùn:
Ti wíwá ilé, èyí lẹ ó ṣe. Ẹ má béèrè nọ́ńbà, ẹ má sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó ń kọjá lọ. Ẹ wá ìyá àgbà tó pàtẹ sójúde, ẹ kí i dáadáa, kẹ́ ẹ ra nǹkan díẹ̀ níbẹ̀, kí Màmá fúnra wọn wá dárúkọ agboolé. Kì í ṣe ẹ̀yin o, Màmá. Bí wọ́n bá bi wọ́n ní "ọmọ ta ni?", kí wọ́n dárúkọ bàbá wọn àti oríkì ilé, kò sí káàdì ìdánimọ̀ tó jù ú lọ níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti dé agboolé, Mọ́gàjí ni kẹ́ ẹ béèrè, òun ni olórí wọn. Tí kò bá sí nílé, ẹ béèrè ìyá tó dàgbà jù. Fóònù yín kó wà nínú báàgì. Tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò ara ògiri ẹnikẹ́ni, ajagungbalẹ̀ ni wọ́n máa pè yín. Ẹ mú obì dání.

Fọlákẹ́ Àkóbọ̀:
Ó dáa. Mo ti sọ fún Màmá, wọ́n ní Sátidé náà ló tẹ́ àwọn lọ́rùn tẹ́lẹ̀, èmi ni mo fi dandan lé Jímọ̀. Wọ́n sì ní àwọn máa jẹ àmàlà yẹn kí àwọn tó padà. Dẹ́rẹ́bà, ṣé ó yẹ kí n gba drop báyìí, àbí ọkọ̀ mẹ́ta yẹn náà ni?

Dẹ́rẹ́bà Míkírà:
Èrò ni kẹ́ ẹ bá dé Gate, drop kẹ́ ẹ gbà láti Gate. Inú gáréèjì ni kẹ́ ẹ ti dúnàá dúrà. Ẹ ka gbogbo ibi tẹ́ ẹ máa dúró sí fún un kó tó dá owó lé e: Mápó, dé iwájú gbọ̀ngàn, Ìdí Arẹrẹ, dídúró wákàtí kan, lẹ́yìn náà Bódìjà. Ẹ san ìdajì, ìdajì tó kù di ibi tẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kẹ́yìn. Tí kánópì bá ti dí ẹ̀yìn yín ní Ìdí Arẹrẹ, ẹ má jẹ́ kó padà sí Ọjà Ọba, ẹ ní kó gba Kúdẹtì bọ́ sí Mọ́lété.

Akọ̀wé Sámóńdà:
Mọ́lété tí mo sọ láti àárọ̀ nìyẹn.